Àpò ẹ̀jẹ̀ CPDA-1: alápò kan ni ká rà ni, àbí alápò méjì?

Bí dókítà bá ti sọ pé aláìsàn nílò ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì ní kí mọ̀lẹ́bí sáré ra blood bag wá ní ilé ìtajà oògùn tó wà lẹ́nu géètì, èyí tó rọjú jù ni ọ̀pọ̀ máa ń mú bọ̀: àpò kan, rọ́bà kan, abẹ́rẹ́ kan, mìlílítà 63 omi CPDA-1 tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú rẹ̀. Ẹni tó tà á kò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó rà á kò mọ̀ pé ìbéèrè kan wà níbẹ̀. Nítorí wọn la ṣe kọ èyí, àti nítorí àwọn oníléèwòsàn aládàáni tí wọ́n ń ra odindi páálí lẹ́ẹ̀kan. Àpò CPDA-1 dára. Láti ọdún 1979 tí wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì tíì kú lójú ọjà. Àmọ́ alápò kan tí gbogbo ayé ń gbé yìí ni èrè rẹ̀ kéré jù nínú ẹbí náà, owó tí ẹ sì rò pé ẹ fi pamọ́ lórí rẹ̀, lára ọmọdé ló ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò ná. C inú orúkọ rẹ̀ ni citrate: òun ló ń di kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ tí kò bá sì rí kálísíọ̀mù lò kò lè dì. P ni phosphate, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè kan. D ni dextrose, ṣúgà tí sẹ́ẹ̀lì pupa ń jẹ. A ni adenine, tí sẹ́ẹ̀lì fi ń tún agbára rẹ̀ ṣe. Kí wọ́n tó fi adenine kún un, ọjọ́ 21 ni ẹ̀jẹ̀ inú CPD ń lò nínú fìríìjì. Adenine ló sọ ọ́ di ọjọ́ 35. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ ni ọ̀rọ̀ omi yìí: mìlílítà 14 fún ọgọ́rùn-ún mìlílítà ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àpò 450 fi ní 63, tí àpò 350 sì ní 49. Lójú ẹni tí kò kà á, àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì. Bí ẹ bá wá fa 450 sínú àpò 350, omi náà kò ní ká ẹ̀jẹ̀, ẹ lè bá ìdì nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ike tí wọ́n fi ṣe é yẹ fún ìyìn. Ìgò ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, títí Carl Walter, oníṣẹ́ abẹ kan ní Boston, fi bá William Murphy gbé àpò oníke jáde ní nǹkan bí ọdún 1950. Ìgò ń fọ́. Afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ wọnú rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó lè ṣàn jáde, afẹ́fẹ́ yìí kan náà lè bá rọ́bà wọ iṣan aláìsàn lọ. Àpò oníke ń fún ara rẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, a lè gbé e sínú sẹ́ntírífújì, ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì lè yà kúrò lára omi, èyí tó sì ṣe pàtàkì jù, ilé iṣẹ́ lè so àpò mìíràn mọ́ ọn lára kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Àbùkù kan wà lára ike náà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́: DEHP, òróró tí wọ́n fi ń mú kó rọ̀, máa ń yọ́ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ti ń wá bí wọn yóò ṣe yọ ọ́ kúrò. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti di kókó ni pé òróró yìí kan náà ló ń gbe ara sẹ́ẹ̀lì pupa tí kì í jẹ́ kó tètè fọ́. Ike tí kò ní in, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń fọ́ jù ú lọ. Fún àgbàlagbà tó gba páìntì kan tàbí méjì, a kò rí ìdí láti bẹ̀rù. Ọmọ ìkókó tí wọ́n ń pààrọ̀ gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ kà ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kí ẹ sì fọwọ́ wá ọ̀rá onífàdákà tó bò ó kiri bóyá ó ti ya. Ìrì díẹ̀ nínú ọ̀rá yẹn kì í ṣe àbùkù, omi máa ń gba ara ike yọ. Bó bá ń kán, ó ti jò nìyẹn. Omi inú àpò gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ kò burú. Èyí tó ti pọ́n bíi tíì, oòrùn ti jó ṣúgà inú rẹ̀, ẹ dá a padà. Ilé ìtajà tó to páálí rẹ̀ sábẹ́ páànù gbígbóná, ẹ má rà níbẹ̀, iye yòówù tí wọn ì báà tà á. Bí ẹ bá sì ti ya ọ̀rá onífàdákà náà, iye ọjọ́ tí àwọn àpò inú rẹ̀ ní kù kò pọ̀ mọ́. Ó wà lára rẹ̀, ẹ kà á, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ya á sára ọ̀rá.

Abẹ́rẹ́ rẹ̀ nípọn, ìwọ̀n 16 (gauge) ni, ó sì ń dẹ́rù ba ẹni tó fẹ́ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó bá tín-ín-rín máa mú kí ẹ̀jẹ̀ falẹ̀ débi tí yóò fi dì nínú rọ́bà. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ rọ́bà. Bí ẹ bá gún un tí ẹ kò bá iṣan, kò sí ọ̀nà àtipààrọ̀ abẹ́rẹ́ nìkan. Àpò tuntun lẹ máa mú. Ilé ìwòsàn tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tíì mọ iṣan gún dáadáa máa ná owó lórí èyí, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ dá ilé iṣẹ́ tó ṣe àpò lẹ́bi.

Àpò kò mọ ìgbà tó kún. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù, nítorí ojú ni ọ̀pọ̀ fi ń wọn ọ́n. Ẹ gbé àpò tí kò tíì ní ẹ̀jẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan wọn nǹkan bíi gíráàmù 1.06, nítorí náà 450 jẹ́ gíráàmù 477. Ká ní àpò òfìfo pẹ̀lú omi inú rẹ̀ wọn 120, ìgbà tó bá di nǹkan bíi 597 ni kí ẹ dí rọ́bà. Kó lé tàbí kó dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá kò burú, ìyẹn 405 sí 495. Bí iṣan bá gbẹ mọ́ yín lọ́wọ́ ní 320, ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í ṣe ìdàsọnù, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò pé, kí ẹ yọ omi ẹ̀jẹ̀ (plasma) rẹ̀ dànù, kí ẹ lo sẹ́ẹ̀lì pupa nìkan. Citrate tó pọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ lọ máa ń fa kálísíọ̀mù aláìsàn wálẹ̀: ètè a máa ṣe jìnnìjìnnì, iṣan ẹsẹ̀ a máa fà, ọkàn ọmọdé sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège.

Àpò gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ apá ẹni tó ń fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, nítorí kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń fà á, bí omi ṣe ń wá sísàlẹ̀ ló ṣe ń wá. Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n tó ń mi àpò fúnra rẹ̀, kí ẹnìkan máa fọwọ́ yí i jẹ́jẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá 45 síra wọn. Kì í ṣe pé kó gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọ̀n oògùn ikọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ló yẹ kó gbà. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 15, sẹ́ẹ̀lì pupa ṣì wúlò, àmọ́ ẹ má yọ platelet (èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá) tàbí FFP (omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tètè yà, tí wọ́n sì gbé dì) lára rẹ̀, nítorí dídì ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá yọ abẹ́rẹ́, ẹ fi ẹ̀rọ tàbí ìka fún ẹ̀jẹ̀ inú rọ́bà padà sínú àpò, ẹ yí i, ẹ jẹ́ kó ṣàn padà, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tí wọn kò bá fún padà kò pàdé citrate, ó máa dì, inú rọ́bà yẹn gan-an sì ni a ti ń gé ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń ṣe crossmatch, àyẹ̀wò bóyá ẹ̀jẹ̀ náà bá ti aláìsàn mu. Nọ́ńbà tó wà lára rọ́bà náà, tó ń tún ara rẹ̀ ṣe láti òkè dé ìsàlẹ̀, kì í ṣe ọ̀ṣọ́: òun ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé gígé tó wà lọ́wọ́ wa, àpò yìí ló ti wá.

Àwọn àpò tuntun kan ní àpò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà tó ń gba mìlílítà 30 tó kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú ìdọ̀tí awọ ara tí abẹ́rẹ́ gé wọlé. Inú rẹ̀ náà lẹ ti máa gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò HIV, mẹ́dọ̀wú B, mẹ́dọ̀wú C àti sífílíìsì. Bí ẹ bá ń ṣe platelet, tí kì í wọ fìríìjì, owó tó lé lórí rẹ̀ tọ́. Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹ nu apá dáadáa pẹ̀lú chlorhexidine, oògùn apakòkòrò, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó gún un. Ó máa tó.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti wá náà ń bẹ. Kó wọn kílò 50 ó kéré tán, kó ti pé ọdún 18. Kí a lè mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, ẹ̀kán rẹ̀ gbọ́dọ̀ rì nínú omi copper sulphate tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 1.053 fún obìnrin, 1.055 fún ọkùnrin. Omi yẹn ń ṣá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kán 25. Jẹ́nótáìpù AS lè fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fà á sí ọmọ ìkókó tàbí ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde lára. Mọ̀lẹ́bí tó bá ní òun ti ṣe àyẹ̀wò HIV lóṣù tó kọjá, ẹ kí i, kí ẹ tún un ṣe.

Ó wá kan ohun tó mú wa kọ gbogbo èyí. Ẹ fojú inú wo ọmọ kílò 12 tí ibà ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bó bá jẹ́ odindi ẹ̀jẹ̀, mìlílítà 20 fún kílò kan, 240 ni. Bó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa nìkan, 10 sí 15 fún kílò kan ti tó, ìyẹn 120 sí 180. Ọkàn ọmọ tó ti rẹ̀ kò nílò omi tó lé, sẹ́ẹ̀lì ló nílò. Kí ni ẹni tó ra alápò kan máa ṣe? Yálà kó fa odindi ẹ̀jẹ̀ sí i lára, tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè fi kún fómi, tàbí kó gún ẹnu àpò, kó fi sírénjì fa omi ẹ̀jẹ̀ kúrò. Ìṣẹ́jú tí ẹ bá gún un ni ọjọ́ 35 ti di wákàtí 24, nítorí kòkòrò ti rí ọ̀nà wọlé. Ìdajì tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń dá padà sí fìríìjì fún ọmọ mìíràn lọ́la, àti ọ̀tunla. A mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin tó ń ṣe é náà mọ̀ ọ́n.

Alápò méjì ní àpò òfìfo kan tí rọ́bà so mọ́ ti àkọ́kọ́, tí ìta kò kàn án rárá. Ẹ gbé e dúró sínú fìríìjì di ọjọ́ kejì, kí sẹ́ẹ̀lì rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ gbé e jáde láìmì í, kí ẹ fi í sínú ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ omi ẹ̀jẹ̀. Ibi tí kò bá sí, pákó pẹlẹbẹ méjì àti ọwọ́ jẹ́jẹ́ ṣe é ṣe. Ìdènà kékeré kan wà nínú rọ́bà tí ẹ máa ṣẹ́. Ẹ ṣẹ́ ẹ tán pátápátá: èyí tó bá ṣẹ́ sí ààbọ̀ máa ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì tó bá gba ibẹ̀ kọjá. Omi ìyeyè á máa lọ sínú àpò kejì. Nígbà tí ojú pupa bá ku ìka kan kó dé ẹnu rọ́bà, ẹ dí i. Ẹ má gbọ̀n ọ́n gbẹ o. Inú omi ẹ̀jẹ̀ ni ṣúgà tí sẹ́ẹ̀lì ń jẹ wà, PCV inú àpò, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún, kò gbọdọ̀ ju 80 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ebi ló máa pa sẹ́ẹ̀lì kó tó pé ọjọ́ 35. Ẹ fi ẹ̀rọ gbígbóná lẹ rọ́bà pọ̀ tàbí kí ẹ fi kílíìpù onírin méjì dè é, kí ẹ gé àárín wọn. Atẹ́gùn kò kàn án, ọjọ́ rẹ̀ kò yí padà. Omi tó lọ sí àpò kejì yẹn kì í ṣe FFP, ẹ má kọ FFP sára rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù kó tó yà.

Iṣẹ́ kejì tó ń ṣe ló mú wa fẹ́ràn rẹ̀ jù. Bí ọmọ méjì bá wà ní wọ́ọ̀dù, tí ẹ̀jẹ̀ kan náà bá àwọn méjèèjì mu, ẹ yí odindi páìntì kan jẹ́jẹ́ títí á fi dọ́gba, kí ẹ dá ìdajì rẹ̀ sínú àpò kejì, kí ẹ dí i, nọ́ńbà kan náà lára méjèèjì, A àti B lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnìkan ló fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ọmọ méjì ló jàǹfààní rẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí alápò kan fi lè ṣe èyí.

Alápò mẹ́ta ńkọ́? Ó dára fún ẹni tó ní sẹ́ntírífújì tó tutù, fìrísà tó dé ìsàlẹ̀ òdo ìwọ̀n 18, àti ẹ̀rọ tó ń mi platelet ní ìwọ̀n Celsius 20 sí 24 fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹni tí kò ní wọn tó rà á ń so màlúù mọ́ kẹ̀kẹ́ ni. Èyí tó ní mìlílítà 100 SAGM, omi tó ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, nínú ọ̀kan lára àwọn àpò rẹ̀ ń mú sẹ́ẹ̀lì pupa dé ọjọ́ 42, ó sì ń ṣàn ju ti CPDA-1 lọ. Ilé ìwòsàn ńlá kò ní àwáwí.

Nípa ọjọ́ 35 tí wọ́n kọ sára rẹ̀: òtítọ́ ni, àmọ́ ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ní ọjọ́ karùndínlógójì yẹn, sẹ́ẹ̀lì 79 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ṣì wà láàyè lára aláìsàn lẹ́yìn wákàtí 24. Pòtásíọ̀mù inú omi ẹ̀jẹ̀ ti gòkè láti 4.2 dé 27.3 mmol/L. 2,3-DPG, tí ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ jọ̀wọ́ atẹ́gùn fún ara, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́. Àgbàlagbà tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpákè fún lè gbà á láìsí wàhálà. Ọmọ ìkókó, tí ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ náà kò bá ju márùn-ún lọ ló sàn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ nínú ìrọbí, odindi ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ nínú fìríìjì kò ní platelet gidi tó máa dá a dúró.

Ìwọ̀n Celsius 2 sí 6 ni fìríìjì gbọ́dọ̀ wà. Fìríìjì ilé tí wọ́n to omi mímu àti oúnjẹ sí kọ́. Àpò tó bá fara kan ògiri tó ń di yìnyín, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa bẹ́. Bó bá yọ́, omi orí rẹ̀ á pọ́n bí sóbò. Èyí tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, inú iná ló ń lọ, kò sí àrà kankan tí a lè fi í dá. Nígbà tí iná bá lọ, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lórí ọ̀kadà, kí páálí wà láàárín yìnyín àti àpò.

Giving set, rọ́bà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ara aláìsàn, èyí tó bá a mu ní àsẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 170 sí 200 maikírọ́ọ̀nù. Ti dríìpù lásán kò ní in, ẹ má fi rọ́pò rẹ̀. Omi iyọ̀ lásán ni ohun kan ṣoṣo tó lè bá ẹ̀jẹ̀ gba rọ́bà kan náà: dextrose ń mú sẹ́ẹ̀lì wú kó bẹ́, omi dríìpù Ringer's ní kálísíọ̀mù tó lè mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ má rì í sínú bákẹ́ẹ̀tì omi gbígbóná, ẹ má sì ní kí ìyá ọmọ fi í há abíyá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 30 tó kúrò ní fìríìjì, ẹ parí kó tó pé wákàtí mẹ́rin. Ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, kó máa kán díẹ̀díẹ̀, kí nọ́ọ̀sì sì wà níbẹ̀: bí ara bá ń gbóná, bí ẹ̀yìn bá ń ro aláìsàn, bí ìtọ̀ bá pọ́n, ẹ dí i, ẹ jẹ́ kí omi iyọ̀ máa lọ, ẹ pe dókítà.

Aṣọ tí àpò wọ̀ ni lébẹ́ẹ̀lì, àṣìṣe lórí rẹ̀ sì lè pa ènìyàn. Ẹni méjì ni kó kà á sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n bi aláìsàn pé kó pe orúkọ ara rẹ̀, kì í ṣe "Ṣé ẹ̀yin ni Màmá Ṣadé?", nítorí ẹni tí òòyì ń kọ́ máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má fi báírò kọ nǹkan sára ike, ẹnu rẹ̀ lè lu ú.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá tán, àpò òfìfo yẹn kì í ṣe pàǹtírí títí di ọjọ́ kejì ó kéré tán. Ẹ dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ fi í sínú ọ̀rá, kí ẹ dá a padà sí fìríìjì láàbù, níbi tí kò ti ní pa pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ tuntun. Bí ibà bá dé lóru, inú rẹ̀ ni láàbù yóò ti wá ìdí.